Iná windlass: bátìrì ní imú ọkọ̀ ni, àbí wáyà ńlá láti àárín?

Ìbéèrè

Ọkọ̀ onígbòkun tó gùn tó mítà 12 ni, Southampton ló máa ń so sí. Windlass tó wà lórí rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fa ìdákọ̀ró sókè, jẹ́ ti 12V, 1000W. Ṣéènì rẹ̀ jẹ́ 10 mm, ìdákọ̀ró jẹ́ 20 kg. Àwọn bátìrì AGM (bátìrì olójé tí wọ́n dì pa, tí omi inú rẹ̀ kì í dà) tó ń gbé iná inú ọkọ̀ wà lábẹ́ àga àárín. Wáyà 35 mm² ni ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ fà lọ síwájú: mítà 10 ní àlọ, mítà 10 ní àbọ̀. Bó bá ti ku díẹ̀ kí ìdákọ̀ró tú kúrò nílẹ̀, ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, brékà á sì já wálẹ̀. Ọ̀rẹ́ kan ní kí n gbé bátìrì kan sí iwájú, kí n gbàgbé wáyà. Òmíràn ní kí n fa 95 mm², kí n fọwọ́ bo ẹnu. Èwo ni ṣíṣe?

* * *

Ìdáhùn

Àwọn ọ̀rẹ́ yín méjèèjì ti ń náwó fún yín láì tíì wọn nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò.

Windlass 1000W lórí 12V máa ń fa nǹkan bíi 80A sí 100A bí iṣẹ́ bá kan án lára. Bí ìdákọ̀ró bá há, tí mótò fẹ́ dúró pátápátá, iye yẹn lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Ìdènà inú wáyà bàbà kò le láti mọ̀: 0.0175 lọ́nà iye mítà àlọ àti àbọ̀, kí ẹ fi mm² wáyà pín in. Fún tiyín, 0.0175 lọ́nà 20, tí a fi 35 pín, jẹ́ 0.010 ohm. Bí 100A bá ń kọjá, 1.0V ti ṣòfò sójú ọ̀nà. Bó bá di 150A, 1.5V ló lọ. Bátìrì tó bá dúró sí 12.2V nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀, 11.2V ló ń rí gbé dé iwájú, a ò sì tíì ka ojú ìsopọ̀ kankan mọ́ ọn.

Lórí 100A kan náà, wáyà 50 mm² á fi 0.7V ṣòfò, 70 mm² á fi 0.5V, 95 mm² á fi 0.37V. Ẹ wo ibi tí èrè wà. Láti 35 sí 70, ìdajì fóltì lẹ jèrè. Láti 70 sí 95, 0.13V péré ni, owó sì ti fò sókè, wáyà náà á sì le débi pé kò ní fẹ́ yí ní kọ̀rọ̀. Ìlànà ABYC, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà, fàyè gba òfò 3% fún àwọn nǹkan bí iná ìtukọ̀, ó gba 10% fún èyí tí kò ká ni lára tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ sì máa ń ka windlass mọ́ ti 10%. Lójú tèmi, 10% ti pọ̀ jù. Kí òfò má ju 5% lọ, ìyẹn 0.6V. 70 mm² ti wọlé síbẹ̀.

Àmọ́ kí ẹ tó ra ohunkóhun: ṣé ẹ́ńjìnnì máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń fa ìdákọ̀ró? Eré mélòó ló sì máa ń sá?

* * *

Olùbéèrè

Ó máa ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo máa ń fi í sí, nǹkan bíi 800 rpm (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Alternator rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná lára ẹ́ńjìnnì, jẹ́ 80A.

* * *

Ìdáhùn

80A tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kì í ṣe ti 800 rpm. Ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ alternator kì í mú ìdajì iye tí wọ́n kọ sí i lára jáde, bátìrì ló ń gbé ìyókù. Ẹ tẹ ẹ́ dé 1200 sí 1500 rpm láì fi jíà sí i, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Bí ojú bátìrì bá lè dúró sí 13V dípò 12.2V, ẹ ti jèrè 0.8V láì ra wáyà kankan. Èyí ju ohun tí wíwọ 95 mm² máa fún yín lọ.

Ohun kejì ni ọ̀nà tí ẹ gbà ń lò ó. Ṣéènì 10 mm wúwo tó 2.3 kg ní mítà kan. Bí omi bá jìn tó mítà 10, 23 kg ló rọ̀, ẹ fi ìdákọ̀ró 20 kg kún un, ó jẹ́ 43 kg. Ẹrù kékeré lèyí jẹ́ fún ẹ̀rọ 1000W. Ohun tó ń pa á ni pé wọ́n ń fi í fa odindi ọkọ̀ lọ bá ìdákọ̀ró, lójú afẹ́fẹ́, lójú ìṣàn omi, wọ́n sì tún ń fi í tu ìdákọ̀ró tó ti rì sínú ẹrẹ̀. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ẹ fi ẹ́ńjìnnì sún ọkọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ títí ṣéènì á fi dẹ̀, ẹ fà á, ẹ dúró, ẹ tún sún. Bí ṣéènì bá ti nà tààrà sísàlẹ̀, ẹ fi ìkọ́ ìdádúró mú un kí ẹrù kúrò lórí windlass, kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tu ìdákọ̀ró. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì.

Ọ̀pọ̀ brékà tí wọ́n ń sọ pé kò dára, kò sí ohun tó ṣe é. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

* * *

Ẹlòmíì dá sí i

Ẹ má bínú, ẹ ti ń yí ọ̀rọ̀ po. Bátìrì iwájú ló yanjú gbogbo èyí. Wáyà á kúrú dé mítà kan tàbí méjì, òfò fóltì á parẹ́, wáyà tín-ín-rín ni wọ́n á fi máa ṣájì bátìrì náà láti ẹ̀yìn. Bí bátìrì àárín bá kú pàápàá, ìdákọ̀ró á ṣì gòkè. Mi ò rí ìdí tí èèyàn á fi máa ra bàbà bí ẹni ń ra wúrà.

* * *

Ìdáhùn

Ọ̀rọ̀ yín ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, pàápàá fún ọkọ̀ tó gùn ju mítà 15 lọ tàbí èyí tó ní bow thruster níwájú (mótò tó ń ti imú ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì), nítorí iná tí thruster ń fà lè ju ti windlass lọ. Fún ọkọ̀ mítà 12, ẹ jẹ́ ká gbé e sórí òṣùwọ̀n. Bàbà mítà 20 tó jẹ́ 70 mm² wúwo tó 12.5 kg, ó sì tò láti àárín dé iwájú. Bátìrì AGM 100Ah máa ń wúwo tó 30 kg, imú ọkọ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣéènì tó ti wúwo tẹ́lẹ̀. Bí ìgbì bá dé, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára: imú á máa rì, kò ní tètè gbéra.

Iná tí windlass ń jẹ lápapọ̀ kò sì tó nǹkan. Ká ní mítà 40 ṣéènì lẹ fẹ́ fà, tí ẹ̀rọ ń fa mítà 10 ní ìṣẹ́jú kan: ìṣẹ́jú 4 ni, lórí 100A, kò pé 7Ah. Bátìrì àárín tó bá jẹ́ 400Ah kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹ ń gbé bátìrì 100Ah síwájú torí iṣẹ́ 7Ah.

Ibi tí bátìrì iwájú ti ń ba nǹkan jẹ́ gan-an ni wáyà tín-ín-rín yẹn. Ọ̀pọ̀ máa ń fi rílè tó ń wo fóltì so bátìrì méjèèjì pọ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tí fóltì ga, ó á pa wọ́n pọ̀. Ó dára. Ìgbà tí ẹ ń fa ìdákọ̀ró ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, rílè ti pa wọ́n pọ̀, windlass fa bátìrì iwájú wálẹ̀ sí 11.5V, ẹ̀yìn ṣì wà ní 13.8V. Wáyà 16 mm² mítà 20 ní ìdènà 0.022 ohm. 2.3V lórí 0.022 ohm, ó lé ní 100A! Fíùsì 60A yín á jó, ẹ ò sì ní mọ̀. Bátìrì iwájú ò ní rí ṣájì mọ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, windlass á kọ̀ níbi tí ẹ ò fẹ́ kó ti kọ̀, ẹ á sì máa bú ẹni tó ta bátìrì.

Bí ẹ bá ní dandan ni bátìrì iwájú, ṣájà DC-DC ni kí ẹ lò, kí ẹ gbé e sí ìparí iwájú. Èyí tó jẹ́ 30A kò ní gbà kí ju 30A kọjá, ohunkóhun tí windlass ìbáà máa fà. Ó tún ń gbé fóltì padà sókè: 30A lórí wáyà 16 mm² yẹn ń sọ 0.66V nù lọ́nà, AGM sì ń fẹ́ nǹkan bíi 14.4V kó tó kún. Ṣájà náà á gba èyí tó dín kù wọlé, á sì fi 14.4V jáde. Fíùsì méjì ni kí ẹ fi sí wáyà náà, ọ̀kan lẹ́bàá bátìrì kọ̀ọ̀kan, torí ibi méjèèjì ni iná ti lè wá bó bá kan ara. Ọ̀pọ̀ máa ń fi ẹyọ kan sí ẹ̀yìn, kí wọ́n fi iwájú sílẹ̀ lófo.

Kí ẹ sì má fi bátìrì olómi sí iwájú o, níbi tí èèyàn ń sùn. Afẹ́fẹ́ hydrogen tó ń tú jáde níbẹ̀ kì í ṣe ohun àmúṣeré, omi inú rẹ̀ á sì máa dà nígbà ìgbì.

* * *

Olùbéèrè

Wọ́n tún ní kí n pààrọ̀ àwọn AGM sí lithium lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣé ìyẹn yí nǹkan padà?

* * *

Ìdáhùn

Ó yí i padà, lọ́nà tó dáa àti lọ́nà tí kò dáa.

Èyí tó dáa: lithium kì í tètè wálẹ̀ lábẹ́ ẹrù. Ojú rẹ̀ á dúró lókè 13V níbi tí AGM á ti jábọ́ sí 12.2V. Èyí tí kò dáa: BMS inú rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì náà, ní òdiwọ̀n. Ọ̀pọ̀ bátìrì lithium 100Ah ni BMS rẹ̀ kì í gbà ju 100A lọ fún ìgbà pípẹ́. Tí ẹ bá ní ẹyọ kan péré, tí windlass sì há, BMS á pa gbogbo iná inú ọkọ̀, àti ti ẹ̀rọ ìtukọ̀. Bí alternator bá ń ṣájì bátìrì náà tààrà nígbà yẹn, ẹrù já kúrò lórí rẹ̀ lójijì, fóltì rẹ̀ á fò sókè, díódì inú rẹ̀ lè jó. Ẹ so méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tàbí kí ẹ jẹ́ kí alternator kọjá sínú bátìrì olójé tó ń ta ẹ́ńjìnnì, kí DC-DC gbà á lọ fún lithium.

Fíùsì náà gbọ́dọ̀ yí. Bí wáyà lithium bá kan ara wọn, iná tó ń tú jáde pọ̀ débi pé fíùsì ANL, tí agbára ìdádúró rẹ̀ jẹ́ 6,000A, lè bú kó sì máa jó lọ. Fíùsì Class T lè dá 20,000A dúró. Òun ni kí ẹ lò.

* * *

Ẹlòmíì tún béèrè

Kí ló dé tí a nílò fíùsì àti brékà pọ̀? Ẹyọ kan kò tó ni?

* * *

Ìdáhùn

Fíùsì ń ṣọ́ wáyà, brékà ń ṣọ́ mótò. Fíùsì wà lẹ́bàá bátìrì. ABYC ní kó má ju íǹṣì 7 sí bátìrì. Fún 70 mm², 200A sí 250A dáa. Brékà ni ti windlass gan-an, iye tí ìwé ẹ̀rọ náà kọ ni kó jẹ́, irú èyí tó ń fi ooru já tó sì ń ní sùúrù díẹ̀. Tó bá jẹ́ irú èyí tó ń yára já, á máa já nígbàkigbà tí mótò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra. Ẹ gbé brékà síbi tí ọwọ́ lè tètè dé, torí òun náà ni súìṣì tí ẹ máa fi pa gbogbo rẹ̀.

Pípa á ṣe pàtàkì. Súìṣì tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ní iwájú ọkọ̀ ní rọ́bà lójú. Oòrùn á sán rọ́bà náà, omi iyọ̀ á wọlé, iná á kọjá nínú omi iyọ̀ náà, windlass á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láì sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Tàbí ojú sólẹ́nọ́ìdì, ìyẹn súìṣì ńlá tí òòfà iná ń pa pọ̀, á lẹ̀ mọ́ ara wọn, ẹ á sì yọwọ́ kúrò, kò ní dúró. Ó máa ń fa ìdákọ̀ró wọ ojú irin títí nǹkan á fi ya.

Ẹ̀bi fóltì kékeré náà wà nínú lílẹ̀ yẹn. Wáyà sólẹ́nọ́ìdì ń gba iná láti orísun kan náà. Bí fóltì bá jábọ́ jù, òòfà rẹ̀ kò ní lágbára tó láti di ojú rẹ̀ mú, á máa gbọ̀n tì-tì-tì, iná á máa ta, bàbà á yọ́, á lẹ̀. Mótò pẹ̀lú: fóltì kéré, yíyí rẹ̀ falẹ̀, ẹrù kan náà ló ṣì ń gbé, ámpù kan náà ló sì ń fà, àmọ́ fún ìgbà tó pẹ́ jù. Ẹ rí i pé òfò wáyà kì í kàn ṣe pé ẹ̀rọ ń lọ jẹ́jẹ́. Ó ń jó.

* * *

Ẹlòmíì

Ẹ jẹ́ ká kúkú sọ ti 24V. Ìdajì ámpù ni.

* * *

Ìdáhùn

Òótọ́ ni. 1000W kan náà lórí 24V á fa nǹkan bíi 50A. Lórí wáyà 25 mm², mítà 20, òfò jẹ́ 0.7V, kò pé 3%. Fún ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ tuntun, mi ò ní jiyàn. Fún ẹni tó ti ní windlass 12V, mótò tuntun, sólẹ́nọ́ìdì tuntun, bátìrì méjì níwájú àti ṣájà láti 12V sí 24V: ẹ ti padà sọ́dọ̀ bátìrì iwájú, méjì sì ni báyìí. Rárá o.

Ní ti wáyà, bàbà tí wọ́n fi tánganran (tin) bò ni kí ẹ rà, onírun wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá ti so inverter ilé rí mọ wáyà ayédèrú: àárín rẹ̀ jẹ́ aluminiomu, ojú rẹ̀ nìkan ni bàbà. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́, ẹ ha á níbi tí wọ́n gé e, funfun á hàn. Ìdènà rẹ̀ ju ti bàbà lọ ní ìdajì àti jù bẹ́ẹ̀. Kí ẹ má sì jẹ́ kó tàn yín jẹ pé tánganran tó wà lára bàbà gidi náà funfun: irun bàbà yóò pọ́n bí ẹ bá ha á jinlẹ̀.

Wáyà alurinmọ́rin ńkọ́? Ó rọ̀, ó sì dínwó, ọ̀pọ̀ ń lò ó. Kò ní tánganran, omi iyọ̀ sì máa ń gun inú rẹ̀ lọ bí epo ṣe ń gun òwú fìtílà. Lọ́dún kẹta, ẹ gé e, dúdú ni gbogbo rẹ̀. Ẹ má lò ó lẹ́bàá ihò ṣéènì, ìyẹn ibi tí ṣéènì máa ń kó sí níwájú.

Lug, ìyẹn irin olójú tó ń wà ní ẹnu wáyà, ni kí ẹ fi ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ fún mọ́ ọn, èyí tó ń lo agbára epo bíi jáàkì, kì í ṣe òòlù. Ẹ fi rọ́bà tó ní gọ́ọ̀mù nínú bò ó, kí ẹ fi ooru sún un kì. Ẹ má jó òjé mọ́ ọn dípò ìfúnpọ̀: ó máa ń sọ wáyà di gan-an níbi tó ti yẹ kó tẹ̀, gbígbọ̀n ọkọ̀ á sì já a níbẹ̀.

Àpótí sólẹ́nọ́ìdì: ẹ gbé e síwájú bó bá ti ṣeé ṣe tó, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ògiri ihò ṣéènì, níbi tó gbẹ. Bó bá wà níwájú, wáyà ńlá méjì péré ló máa rin gbogbo ọ̀nà. Bí mótò yín bá ní ẹnu mẹ́ta tí ẹ sì gbé àpótí sẹ́yìn, mẹ́ta ló máa rìn. Ọkọ̀ irin tàbí ti aluminiomu kò gbọ́dọ̀ fi ara ọkọ̀ ṣe wáyà àbọ̀ láéláé. Omi iyọ̀ á jẹ irin náà tán.

* * *

Olùbéèrè

Mo ti wọn ọ́n. Ẹ́ńjìnnì ní 1300 rpm, windlass ń fa 95A lórí mítà tó ń di wáyà mú. Ojú bátìrì: 12.6V. Ẹnu mótò: 10.9V. Láti pósítífù bátìrì sí ti mótò: 0.55V. Láti nẹ́gátífù bátìrì sí ti mótò: 1.15V.

* * *

Ìdáhùn

Iṣẹ́ ti tán nìyẹn. Wáyà 35 mm² mítà 10 gbọ́dọ̀ sọ 0.475V nù lórí 95A. Pósítífù yín sọ 0.55V nù: wáyà àti àwọn ojú ìsopọ̀ rẹ̀, kò burú. Nẹ́gátífù sọ 1.15V nù. Wáyà kan náà ni, gígùn kan náà, nítorí náà nǹkan bíi 0.68V wà ní ojú ìsopọ̀ kan tàbí méjì. 0.68V lọ́nà 95A jẹ́ 65W, ooru tó tó ti irin ìjóná òjé, nínú ọkọ̀ yín. Ẹ tún fà á fún ìṣẹ́jú kan, ẹ pa brékà, kí ẹ fi ọwọ́ kan àwọn lug nẹ́gátífù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òpó ìsopọ̀ tó wà lẹ́yìn ihò ṣéènì. Èyí tó bá gbóná ni ọ̀daràn.

* * *

Olùbéèrè

Òpó ẹ̀yìn ihò ṣéènì ni. Lug náà ti di àwọ̀ ewé, mo sì fà á, ó yọ jáde lọ́wọ́ mi. Brékà sì jẹ́ 70A, ìwé ẹ̀rọ ní 100A.

* * *

Ìdáhùn

Ẹ gé wáyà náà padà títí ẹ á fi rí bàbà tó mọ́. Bí dídúdú rẹ̀ bá kọjá 30 cm, ẹ yọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ wá fi 70 mm² rọ́pò àlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ẹ ti máa tú igi ilẹ̀ kalẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, lug tuntun, brékà 100A, ẹ tún un wọ̀n. Ẹ máa rí nǹkan bíi 11.5V ní ẹnu mótò lórí 35 mm², tí ẹ bá sì fi ẹ́ńjìnnì sún ọkọ̀ bí mo ṣe sọ, windlass yín á ṣe é.

Ẹ wo fíùsì ẹ̀yìn kí ẹ tó fi brékà ńlá sí i. 35 mm² kì í gba 250A.